Obìnrin Tó Dúró Nínú Yìnyín

Oúnjẹ tí wọ́n ń dànù ni ohun àkọ́kọ́ tó rí mi lára ní Jẹ́dà.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ilé tí wọ́n gbé mi lọ, àlejò mẹ́rin wá. Wọ́n gbé odidi àgùntàn lé orí ìrẹsì nínú àwo kan tó fẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí àwọn àlejò dìde, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n ti jẹ, ìyókù wà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ìyàwó ilé ní kí n bá òun dà á sínú ọ̀rá dúdú. Mo rò pé èdè Lárúbáwá tí mo gbọ́ ni kò pé, mo tún bi í léèrè. Ó fi ìka hàn mí: ọ̀rá, ilẹ̀kùn, ìta. Mo gbé e jáde. Obìnrin dúdú kan wà nídìí ààtàn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, ó ń ṣa agolo. Ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó wo ẹran, ó wo ojú mi. Ó fi Háúsá kí mi, mo fi Yorùbá dá a lóhùn. Mo wọlé, mo fọ ọwọ́ mi, mo tún un fọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀ títí ó fi kú. Ìwé tí mo fọwọ́ sí kí n tó kúrò nílé sọ pé ilé ìwòsàn ni mo ń lọ. Nígbà tí mo dé, ọkùnrin olówó kan sọ pé ìyá òun ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé inú ilé, wọ́n sì fi mí fún un. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọwọ́ rẹ̀ ni páásìpọ́ọ̀tù mi wà láti ọjọ́ náà. Kàfíìlì ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: òun ló dúró fún ọ lọ́dọ̀ ìjọba, láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ o kò lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, o kò sì lè padà sílé. Èmi ń pè é ní Bàbá Tálálì, ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Tálálì, nítorí pé Tálálì ni orúkọ àkọ́bí wọn.

Ìyá rẹ̀, gbogbo ilé ń pè é ní Sítí, bí ẹni tó ń sọ pé ìyá àgbà. Àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, orí kẹ̀kẹ́ ló ń jókòó. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, wíwẹ̀, títọ́jú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ di tèmi. Takrúnì ló ń pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ènìyàn dúdú tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá nìyẹn. Àwọn tó mọ ìwé sọ fún mi pé kì í ṣe èébú, orúkọ ìlú àtijọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pè é mọ bí ẹnu tó pè é ṣe rí.

"Takrúnì, ṣí fèrèsé," ni yóò wí bí mo bá wọlé, bí ẹni pé èmi ni mo gbé òórùn wá.

Òun náà ń rí mi lára. Ó ń tutọ́ sínú bébà, yóò sì gbé e lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi. A jọ wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje, a ń rí ara wa lára, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kẹjọ, ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì ní ọ̀sán kan. Ojú rẹ̀ yí. Ìyá Tálálì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, ó ń sáré kiri inú ilé. Mo fi oyin ra èrìgì arúgbó náà, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi títí ó fi mí kanlẹ̀. Nígbà tó lajú, ó wò mí pẹ́.

"Kí ni wọ́n ń pè yín níbi iṣẹ́ yín?"

"Sísítà, Sítí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Sísítà. Mo yọ̀. Mo yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè, mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Nísinsìnyí tí mo bá rántí ayọ̀ yẹn, òun gan-an ni ó ń rí mi lára. Ènìyàn wá dà báwo, tí inú rẹ̀ yóò máa dùn torí pé wọn kò bú u mọ́?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe ìyá mi. Kábínì kan wà nítòsí, ilé kékeré tí a ti ń pe fóònù lọ sí òkè òkun. Ìyá mi yóò ti jókòó sí sọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù wà.

"Ṣé o ń jẹun, ọmọ mi?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ?"

"Wọ́n ń ṣe dáadáa sí mi, Màámi."

Mi ò sọ fún un pé abẹ́ síǹkì ni wọ́n ń kó àwo àti ife mi sí, kí wọ́n má baà kan tiwọn. Ohùn àwọn aládùúgbò wa máa ń wọlé lẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n ń kí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe àdúrà ní Mẹ́kà.

Sítí ní ọmọ ìyá kan. Ó tó ọdún kan kí ó tó sọ ọ́ fún mi. Ìyá wọn jẹ́ opó láti ìlà oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì, ó wá ṣe hájì, ọkùnrin Mẹ́kà kan sì fẹ́ ẹ. Kò padà sílé mọ́ títí ó fi kú. Ọmọbìnrin kékeré kan ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Fátímà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Fátímà wá sí hájì, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di àgbà. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi sùn lórí ibùsùn kan náà. Láti ìgbà náà, lẹ́tà tí wọ́n ń bẹ àwọn ẹlòmíràn kọ ni.

"Ọmú kan náà la mu," Sítí wí. "Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ìlú tiyín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Sítí. Ọmọ ìyá là ń pè é."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó gbìyànjú láti fi ẹnu rẹ̀ tí kò léyín pè é, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ rí Fátímà kí ikú tó dé. Ó fi ọdún méjì bẹ ọmọ rẹ̀. Níkẹyìn, Ìyá Tálálì gbọ́ pé yìnyín máa ń bo ibẹ̀ nígbà òtútù, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré lásìkò ìsinmi ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò náà ṣe bọ́ sí i. Wọ́n ra bàtà onírun àti kóòtù pupa fún àwọn ọmọ. Wọ́n fún mi ní ògbólógbòó kóòtù kan tó ti ya lábẹ́ apá, lọ́fínńdà obìnrin mìíràn sì kún inú rẹ̀.

*

Ọkọ̀ mọ́tò kò lè dé abúlé náà. Yìnyín ti dí ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́. Ètò wa, tí a ti kọ sí Fátímà nínú lẹ́tà, ni pé kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, kí a sun ibẹ̀ mọ́jú, kí a wọ ọkọ̀ ọjọ́ kejì padà.

Nígbà tí mo rí ọkọ̀ náà, mo dúró. Orí rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó ń jẹ èédú, ó ń tu èéfín, omi gbígbóná ń kán lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń dípẹtà nínú igbó lẹ́yìn tésàn ní Ọ̀fà nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi máa ń lù ú pẹ̀lú ìka, yóò ní, "Èyí ló gbé ẹ̀pà Kánò wá kí wọ́n tó bí ọ." Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo fọwọ́ kan irin náà. Bàbá Tálálì kígbe mọ́ mi pé ṣé mo fẹ́ kí ìyá òun kú sínú òtútù ni. Mo gbé Sítí wọlé.

Igi ni inú kọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n pín in sí yàrá yàrá, àga rẹ̀ jẹ́ awọ tó ti fà ya. Páìpù tó ń mú ibẹ̀ gbóná wà lábẹ́ àga, ó ń jó wa lẹ́sẹ̀, àmọ́ yìnyín ti dì sí inú gíláàsì fèrèsé. Àwọn àgbẹ̀ ló kún inú ọkọ̀: òórùn irun àgùntàn tó tutù, wàrà dídì, tábà, ìbọ̀sẹ̀. Ìyá Tálálì fi ìbòjú dí imú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mo ti rí yìnyín ló máa ń retí kí n sọ pé ó rẹwà. Òkèèrè ló ti rẹwà. Nítòsí ojú irin, èéfín ọkọ̀ ti sọ ọ́ di dúdú. Itọ́ wà lórí rẹ̀, èèpo ọsàn, ìgbẹ́ ẹṣin, àti ohun tí ihò ilé ìgbẹ́ inú ọkọ̀ ń dà sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lọ láìlópin, kò sí ewé kan, kò sí ẹyẹ kan. Mo wò ó títí ojú fi ń dùn mí. Bí aṣọ tí a fi bo òkú ló ṣe rí lójú mi.

Ṣùgbọ́n inú Sítí dùn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti wọ bàtà rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú àkókò. Ó ń sọ èdè Tọ́kì tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ta tíì kiri inú ọkọ̀, ọkùnrin náà sì tẹrí ba fún un. Ó ní kí n bá òun wá tìróò òun nínú àpò.

Tésàn kékeré kan wà tí a dúró sí. Lára ilé tó súnmọ́ ojú irin, wọ́n to ohun kan bí àkàrà ńlá ńlá, ó ga dé òrùlé. Tálálì bi ẹlẹ́tíì kí ni. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ṣe ìwo màlúù, ó tọ́ka sí ìdí rẹ̀, ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ń dáná. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni, òun ni wọ́n fi ń yá iná. Àwọn ọmọ kígbe, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Tálálì kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ wọn.

"Inú irú ilé yẹn ni àwọn ọmọ mi máa sùn?"

"Ọjọ́ kan péré ni."

"Pẹ̀lú màlúù! Kí wọ́n padà dé ilé ìwé, kí wọ́n máa sọ pé ẹbí bàbá àwọn ń sun ìgbẹ́?"

Bàbá Tálálì padà wá. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí a wà, ó ní kí n jáde. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Fún un ní abẹ́rẹ́ oorun rẹ̀."

"Ọ̀sán la wà, Bàbá Tálálì. Dókítà ní bí ẹsẹ̀ kò bá jẹ́ kó sùn lálẹ́ ni kí n fún un."

"Mo mọ ohun tí dókítà wí."

"A ò ní pẹ́ dé. Ó ti wọ bàtà."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní báyìí."

Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé wọ́n fẹ́ kó sùn kọjá abúlé náà. Mo ní mi ò lè ṣe é. Kò bínú. Ó ṣí àpò awọ rẹ̀, ó fa páásìpọ́ọ̀tù mi yọ láàárín tiwọn, ó rẹ gíláàsì fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ jáde. Atẹ́gùn wọlé bí ọ̀bẹ. Ojú ìwé páásìpọ́ọ̀tù náà ń gbọ̀n bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n dì mú.

"Tésàn tó kàn ni wàá ti sọ̀. Ṣé o mọ orúkọ ibẹ̀? Ṣé o gbọ́ èdè wọn? Ta ni wàá sọ fún wọn pé o jẹ́?"

Irọ́ ni bí mo bá ní ìyá mi ni mo rò nígbà náà, tàbí àwọn àbúrò mi. Òtútù ni mo rò. Bí òtútù náà yóò ṣe rí lára mi lórí pèpéle tésàn ni mo rò, nínú kóòtù tó ya lábẹ́ apá.

Mo wọlé, mo fa oògùn sínú síríńjì. Sítí mú dígí dání, ó ń lé tìróò.

"Ṣé àkókò ti tó?"

"Ó ti tó, Sítí."

Ó rò pé ínsúlínì ni. Ó na apá sí mi láìgbé dígí sílẹ̀. "Ṣe kíá," ó ní, "kí n lè ṣe ojú kejì."

Kò ṣe ojú kejì. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká mi. Ìyá Tálálì wọlé, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé iwájú orí, ó sì jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Tálálì ṣí ìwé ìròyìn, ó gbé e ga.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó dúró. Mo ti fi èékánná ha yìnyín inú gíláàsì, ihò kékeré kan ti wà tí mo lè fi wo ìta. Tésàn náà kò ju yàrá kan lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró níta, nínú yìnyín tó dé e lórúnkún. Ó kúrú, ó wọ kóòtù ọkùnrin, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sì gbá ohun kan tí a fi aṣọ wé mọ́ àyà. Ó ń bọ̀ láti fèrèsé dé fèrèsé. Ó ń fi ọwọ́ nu gíláàsì, ó ń yọjú wò. Nígbà tó dé tiwa, mo rí i. Imú Sítí ni. Àgbọ̀n Sítí ni. Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ fún mi.

Ojú rẹ̀ kò mọ Sítí lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Èmi ló rí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, èémí rẹ̀ sì bo gíláàsì. Ó nu ún. Ó gbé ẹrù tó gbá mọ́ àyà sókè, bí ẹni tó ń bèèrè bóyá mo mọ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ mi wà lára okùn tí a fi ń rẹ fèrèsé sílẹ̀. Mo di okùn náà mú. Mi ò fà á.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Obìnrin náà bá wa rìn díẹ̀, ó ṣì ń wo inú. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí Sítí jí. Tìróò wà ní ojú kan, kò sí ní ìkejì.

"A ti dé?"

"Yìnyín pọ̀ jù, Ìyá," ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Ọkọ̀ kò dúró níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà níta pàápàá."

Sítí kò wo ojú rẹ̀. Èmi ló yíjú sí. "Sísítà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sítí."

Mo lọ sí ilé ìgbẹ́ inú ọkọ̀. Ihò kan ni nínú ilẹ̀ pákó, ìgbẹ́ ti dì bí òkúta yí ẹnu rẹ̀ ká. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo bì. Mo ń wo ohun tó jáde lẹ́nu mi bó ti ń já sórí yìnyín, tí irin àti pákó ń sá lọ lábẹ́ mi. Kò sí ohun tó wà nínú ilé ìgbẹ́ náà tó rí mi lára tó ara mi.

*

Jímọ̀ tí a padà dé Jẹ́dà, ìyá mi kò tilẹ̀ béèrè bóyá mò ń jẹun.

"O ti dé láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́! Sọ fún wa, báwo ló ṣe rí?"

"Ó funfun, Màámi."

"Ẹ gbọ́, ó ní ó funfun!" Mo gbọ́ tí sọ́ọ̀bù náà pariwo. "Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, ọmọ mi dé ibi tí àwọn ọba kò dé!"

Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí owó tó tán.

Mo ní ẹnìkan ní Mẹ́kà, Àlàájà kan ará Ìbàdàn tó ń gbé Járúwà, níbi tí èrò hájì pọ̀ sí. Hájì ló bá wá ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, kò sì padà. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, nítorí náà bí ó bá gbọ́ ariwo ọlọ́pàá, yóò ti ilẹ̀kùn. Ó ń se oúnjẹ tà fún àwọn èrò wa. Ọmọbìnrin tó bí síbẹ̀ gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Nígbà tí ìdílé náà tún kó wa lọ sí Mẹ́kà fún úmúrà, láti gbé ibẹ̀ fún oṣù méjì, mo tọrọ àyè, mo lọ bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ń fọ ẹ̀wà. Kò gbójú sókè títí mo fi parí.

"Àbúrò mi, má sọ fún màmá yẹn o."

"Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ n sùn mọ́, Àlàájà."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O ní ìwé, o ní iṣẹ́. Parí ọdún rẹ, kí o gba páásìpọ́ọ̀tù rẹ, kí o máa lọ. Ohun tí o fi pamọ́, Ọlọ́run á bò ọ́."

Mo ní ó dára. Ó tún fọ ẹ̀wà díẹ̀, ó da omi nù, ó bu òmíràn. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Sìfáwù kú ní ọdún tó kọjá. Ọmọ ìyá mi. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣáájú, ó ń pè mí, ó ń ní, 'Ṣé o ò ní wá wò mí ni?' Kásẹ́ẹ̀tì èkejì, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. "Mi ò lè gbọ́ èyí àkọ́kọ́ mọ́. Mi ò sì lè jù ú nù."

Ọmọ rẹ̀ sọ ohun kan ní Lárúbáwá láti yàrá. Àlàájà dá a lóhùn ní Yorùbá pé kó sinmi ariwo.

Mo jáde. Kí n tó dé Àsísíyà, níbi tí ìdílé náà ní ilé tí wọ́n fi ń háyà fún àwọn èrò hájì, mo ti mọ̀ pé màá sọ ọ́.

Ó ku Sítí nìkan nínú ilé, àwọn ìyókù ti lọ sí Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà. Mo kúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé wa. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní Ọlọ́run nìkan la ń kúnlẹ̀ fún. Mi ò dìde. Mo sọ fún un: abẹ́rẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì, tésàn, obìnrin.

Ó gbá mi létí. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, òrùka rẹ̀ ló ha mí. 

"Kí ló wọ̀?"

"Kóòtù ọkùnrin, Sítí."

"Ṣé ó fi ọ̀pá rìn?"

"Ó fi ọ̀pá rìn."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún. Ẹsẹ̀ wo ló ń wọ́?"

Mo ní mi ò rí i, yìnyín bò ó. Ó ní kí n rántí. Ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi ẹrù tí a wé sínú aṣọ, yóò gbé ọwọ́ sókè kí n dúró. "Búrẹ́dì ni," ó ní. "Búrẹ́dì ló ń gbé bọ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá gbé abẹ́rẹ́ dé, yóò di ọwọ́ mi mú kó tó kàn án. "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ń dáhùn, "Ínsúlínì, Sítí." Ó ń gba ìgò, ó ń wò ó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, kò fò ó rí. Kò sì pè mí ní Sísítà mọ́. Kò pè mí ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yọ ìwé kékeré kan láti abẹ́ ìrọ̀rí. Nọ́ńbà fóònù sọ́ọ̀bù kan tó wà ní abúlé Fátímà ni. Bàbá Tálálì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti fóònù ilé kí ẹnikẹ́ni má baà pe òkè òkun. Mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé e lọ gba atẹ́gùn, a kọjá láàárín àwọn bọ́ọ̀sì èrò títí dé kábínì kan. Onísọ́ọ̀bù tó gbé e ní kí a tún pè tó bá tó ìdajì wákàtí, òun máa rán ẹni sí i. A jókòó, a dúró. 

Nígbà tí a tún pè, mo gbọ́ ohùn kan tó ń pariwo bí ẹni tó rò pé ariwo òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ dé Mẹ́kà. Sítí fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan ara rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ àyàfi orúkọ Ọlọ́run. Lójijì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó wò mí.

"Ó ń bi mí ta ni obìnrin dúdú tó wo ojú òun láti inú ọkọ̀, tí kò ṣí fèrèsé."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un, Sítí."

Ó yíjú padà sí fóònù, ó sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí mo ń tì í padà, mo bi í kí ló wí.

"Mo ní èrò ọkọ̀ ni. Pé a ò mọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Sítí."

"Má dúpẹ́. Mi ò ṣe é nítorí tìrẹ. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ mi ló fà á."

Jímọ̀ márùn-ún la fi pe Fátímà. Nígbà tó di ìkẹfà, ẹnìkan ti rí wa, ó ti sọ fún Bàbá Tálálì. Kò bú mi. Ó gbé páásìpọ́ọ̀tù mi wá, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i pé mo ń lọ pátápátá. Ó ku ọdún kan kí àdéhùn mi pé. Sítí bá ọmọ rẹ̀ jà, kì í ṣe nítorí tèmi; ó ní bí wọn kò bá tú fóònù sílẹ̀, òun kò ní jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun. Ọmọ rẹ̀ tú kọ́kọ́rọ́ fóònù.

Àárọ̀ tí mo ń lọ, mo wọlé láti kí i. Nọ́ọ̀sì tuntun ti wà níbẹ̀, ó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, ó sì ti fa oògùn sínú síríńjì.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," Sítí wí. "Bí mo bá ní mo ti dárí jì ọ́, irọ́ ni."

"Mo gbọ́, Sítí."

"Tẹ́lẹ̀, ìwọ náà ti ń rí mi lára nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ìyẹn wà lọ́rùn mi." Ó wo nọ́ọ̀sì tuntun náà, ó ní kó gbé abẹ́rẹ́ fún mi.

Mo gbà á. Mo dúró kó bi mí. Mo ti gbé ìgò náà sókè kó lè wò ó. Kò wò ó. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó na apá rẹ̀ sí mi, ó sì kọjú sí fèrèsé. Mo fi ọwọ́ tí mo kórìíra yìí fún un ní abẹ́rẹ́, mo fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà, mo sì dúró síbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.